Ọmọ mi wà ní kílọ́ọ̀bù mẹ́ta nílé ìwé, WAEC sì ń bọ̀: èwo ni kó fi sílẹ̀?

Ìyá Yétúndé, Kẹ́tú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, kíláàsì sáyẹ́ǹsì, nílé ìwé ìjọba kan ní agbègbè Yaba. Kẹ́tú là ń gbé. Láti SS1 ló ti wà nínú JETS, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn. Ó tún wà nínú Press Club, òun ni igbákejì olóòtú wọn, òun ló sì máa ń ka ìròyìn ní àpéjọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ àṣà, níbi tí wọ́n ti ń lu ìlù, tí wọ́n sì ń jó. Ọjọ́rú ni ọjọ́ kílọ́ọ̀bù nílé ìwé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í parí síbẹ̀. JETS tún máa ń dúró lọ́jọ́ Ajé, ẹgbẹ́ àṣà máa ń dúró lọ́jọ́ Ẹtì. Agogo méjì ọ̀sán ni ilé ìwé ń parí, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá dúró, agogo méje alẹ́ ló ń wọlé, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Maryland sí Ọ̀jọ́ta nírọ̀lẹ́, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ̀ ti wá sọ pé kó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kó máa lọ sí lẹ́sìnnì lọ́sàn-án títí tí yóò fi ṣe WAEC. Ọmọ ń sunkún, ó ní òun kò lè fi ìkankan sílẹ̀. Èsì rẹ̀ ní táàmù tó kọjá kò burú, àfi Kẹ́mísìrì tó lọ sílẹ̀. Èmi wá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ kọjá ibi tí mo wà yìí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ máa gbàdúrà fún wa, àmọ́ ìmọ̀ràn gan-an ni mo wá gbà.

Bàbá Olú, Ìjú

Ìyá Yétúndé, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ lèmi wà. JAMB kì í béèrè kílọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀, máàkì 400 ni gbogbo ẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, tó wá gba 200, kò sí ẹni tó máa sọ pé kó wọlé torí pé ó mọ ijó jó. WAEC náà, ẹ̀kọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló máa jókòó tì.

Àwọn ọmọ tèmi méjì, ìbẹ̀rẹ̀ SS2 ni mo ti ní kí wọ́n jáwọ́ nínú gbogbo ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló wọ yunifásítì nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe JAMB. Kó fi sílẹ̀. Ẹkún á tán.

Tíṣà Físíìsì

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ń kọ́ Físíìsì nílé ìwé ìjọba kan ní Èkó níbí, èmi náà ni mo sì ń bójú tó JETS wa. Ohun tí ojú mi ń rí ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá Olú, òótọ́ lẹ sọ nípa JAMB. Àmọ́ WAEC ní píráàtíkà nínú Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báọ́lọ́jì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí WAEC bá ku oṣù díẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá dígí tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì sílẹ̀. Ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á jẹ́ kí ásíìdì kọjá ibi tó yẹ kó dúró, àwọ̀ á ti yí padà kí wọ́n tó dí i. Ọmọ tó ti ń fọwọ́ kan nǹkan nínú JETS kì í bẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ fi páálí, igi pẹlẹbẹ, síríǹjì àti rọ́bà tín-ínrín ṣe apá kan tó ń gbé nǹkan sókè. Síríǹjì méjì ni wọ́n fi rọ́bà so pọ̀, wọ́n sì bu omi kún inú wọn. Tí wọ́n bá tẹ ọ̀kan, omi á ti èkejì jáde, apá á sì gbéra. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, kò gbé nǹkan kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń mì lásán ni. Ọmọ SS1 kan ló tẹjú mọ́ rọ́bà náà tó rí i pé afẹ́fẹ́ há síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀, torí náà inú afẹ́fẹ́ yẹn ni gbogbo agbára ọwọ́ wọn ń lọ. Wọ́n ri síríǹjì àti rọ́bà bọ inú báàfù omi, abẹ́ omi níbẹ̀ ni wọ́n ti kún un tí wọ́n sì ti so ó, apá wá gbé agolo mílíìkì. Nígbà tí mo dé orí òfin Pascal ní kíláàsì, àwọn ọmọ yìí ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó kù.

Ìyá Yétúndé, tó bá jẹ́ èmi ni, JETS ni mo máa ní kó dì mú, torí ọmọ sáyẹ́ǹsì ni. Kó ṣe Press Club lọ́jọ́ Ọjọ́rú nìkan. Ẹgbẹ́ àṣà ni kó fi sílẹ̀. Ní ti Kẹ́mísìrì, ẹ bi í léèrè ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ ẹ́. Ní SS2, ìṣirò mole ló sábà máa ń mú wọn, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa sì lè tún un ṣe fún un láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìsí lẹ́sìnnì ojoojúmọ́.

Ọmọ Mushin

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. LASU ni mo wà báyìí, kò tíì pẹ́ tí mo jáde SS3, ilé ìwé ìjọba lèmi náà sì lọ.

Tíṣà, ẹ má bínú, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ ka Press Club sí nǹkan kékeré fún ọmọ sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ sáyẹ́ǹsì dúró, torí bí wọn ò bá ní kírẹ́díìtì nínú ẹ̀, wọn ò lè wọ yunifásítì. Àròkọ WAEC, máàkì 50 ni: ohun tí èèyàn sọ gba 10, ètò rẹ̀ gba 10, bó ṣe lo èdè gba 20, àkọtọ́ àti àmì gba 10. Ilàjì máàkì ni wọ́n máa ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan nínú 10 ìgbẹ̀yìn yẹn. Press Club ló kọ́ mi ní ìyẹn. Olóòtú wa máa ń fi bírò pupa la abẹ́ gbogbo àṣìṣe, á dá ìròyìn padà fún ẹ lójú gbogbo èèyàn, á ní kó o lọ tún un kọ. A máa ń kọ ọ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù funfun tá a ó lẹ̀ mọ́ pátákó, tí lẹ́tà kan bá ti bàjẹ́, kádíbọ́ọ̀dù tuntun ni, owó ara wa la sì fi ń rà á. Ẹni tó bá ti tún kádíbọ́ọ̀dù kan kọ rí kì í gbàgbé àmì ìdánudúró mọ́.

Àti pé mà, Press Club kò gba àkókò púpọ̀. Ọjọ́rú ni ìpàdé, ilé lèèyàn ti ń kọ tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó ń pẹ́ ló ń dùn yín, òun kọ́ ló fà á.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tún lọ sí Spelling Bee ti ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tí ẹni tó bá gbégbá orókè máa ń ṣe gómìnà fún ọjọ́ kan. Kò dé ìpele tó kẹ́yìn, àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ́ nígbà náà ṣì wà lórí ẹ̀ títí dòní.

Àdùkẹ́, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá Yétúndé, ẹ má jẹ́ kó fi ìkankan sílẹ̀ o! Níbí ní London, gbogbo ilé ìwé ló ń ti àwọn ọmọ sí kílọ́ọ̀bù. Ọmọ mi ń ṣe Duke of Edinburgh's Award, èyí tí Prince Philip dá sílẹ̀ ní 1956. Ó wà ní Nàìjíríà náà, International Award ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún 14 lè bẹ̀rẹ̀ Bronze. Á ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ìlú, á kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìmọ̀ kan, á máa ṣe eré ìdárayá, á sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rin ìrìn-àjò tí wọ́n máa sùn síta fún òru kan. Oṣù mẹ́fà ni, ó kéré tán. Ẹ béèrè bóyá ó wà nílé ìwé tó sún mọ́ yín.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ wá kàwé lókè òkun lọ́jọ́ iwájú, kílọ́ọ̀bù ni àwọn yunifásítì máa kọ́kọ́ wò. Kó kó o jọ dáadáa, bó ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó.

Akin, Houston

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe níbẹ̀, kí ìyá má baà ti ọmọ sí ibi tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà kò rí bákan náà.

Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, èsì ìdánwò àti ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ ni yunifásítì kọ́kọ́ ń wò. Ìwé tí wọ́n ń kọ nípa ara wọn fún UCAS, àjọ tí wọ́n ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọ yunifásítì níbẹ̀, lẹ́tà 4,000 ni gbogbo ẹ̀, àti àmì àti àlàfo. Láti orí àwọn tó ń wọlé ní 2026 ni wọ́n ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní béèrè ìdí tí ọmọ fi fẹ́ ẹ̀kọ́ náà, èkejì béèrè bí ohun tó ti kọ́ nílé ìwé ṣe múra rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀kẹta nìkan ló kan ohun tó ṣe lẹ́yìn kíláàsì.

Níbí ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń wo kílọ́ọ̀bù lóòótọ́, pàápàá àwọn yunifásítì tó ṣòroó wọ̀. Ààyè mẹ́wàá ló wà fún un nínú Common App, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibí ń lò, lẹ́tà 150 péré sì ni wọ́n fún ọmọ láti ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pọn dandan kó kún ààyè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni ibi tí ọmọ dúró sí pẹ́ àti ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ilé kò sì mọ̀ ni pé ààyè wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ ilé náà. Ọmọ tó ń tọ́jú àwọn àbúrò kí ìyá tó ti ọjà dé, tàbí tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lè kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á sì kà á kún.

Bàbá Olú, Ìjú

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ ṣeun, àmọ́ ọmọ mélòó ni nínú kíláàsì tó kún dẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ló ń lọ Houston? Àkókò ló ń dùn mí. Ọmọbìnrin tó ń wọlé ní agogo méje alẹ́, ó jẹun, ó wẹ̀, ìgbà wo ló máa kàwé? NEPA náà tún wà ńbẹ̀. Tíṣà, mo gbọ́ tiyín nípa píráàtíkà, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Àmọ́ ṣé gbogbo JETS ló ní tíṣà bíi tiyín?

Ìyá Yétúndé, Kẹ́tú

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ohun méjì wà tí mi ò sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan ni owó. Ẹgbẹ́ àṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ₦15,000 wá fún aṣọ tí wọ́n máa fi jó níbi ìdíje. Kò sí lẹ́tà, kò sí rìsíìtì, wọ́n kàn fi ẹnu rán àwọn ọmọ ni. Ìyẹn náà bí bàbá rẹ̀ nínú.

Èkejì ni pé tí mo bá wò ó dáadáa, ẹgbẹ́ àṣà yẹn ni ọmọ fẹ́ràn jù. Tó bá ti ibẹ̀ dé, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, á máa kọrin nílé ìdáná. Tó bá ti JETS dé, kì í sọ nǹkan kan.

Alhaja, Agége

As-salaamu alaykum, ẹ̀yin ará. Ohun tí ẹ kò tíì fẹnu bà ni mo fẹ́ sọ. Ní Agége tí mò ń gbé, ẹ ti gbọ́ orúkọ àwọn Àwawà, ẹgbẹ́ ọ̀daràn àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ kéékèèké ni wọ́n ń fà mọ́ra, àti pé àárín ìgbà tí ilé ìwé parí sí ìgbà tí òbí ti ibi iṣẹ́ dé ni wọ́n ń rí wọn mú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá Bàbá Olú sọ pé kí ọmọ jáwọ́ nínú gbogbo ẹ̀. Kò dájú pé ìwé ni ọmọ tí kò ní ibi tó ń lọ lọ́sàn-án máa jókòó kà.

Ọmọ mi ọkùnrin wà nínú MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó níbí ní 1954, Dókítà Lateef Adegbite ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti wà ní yunifásítì máa ń wá kọ́ wọn ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́sìnnì tí mi ò san kọ́bọ̀ fún nìyẹn. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà ní FCS tiwọn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ìwé ọmọ yín.

Àmọ́ kí n tó gbà kó máa dúró lẹ́yìn ilé ìwé, mo lọ bá tíṣà tó ń bójú tó wọn lójúkojú. Mo béèrè yàrá tí wọ́n ń lò, ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn, àti bóyá wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó wá àti aago tó lọ. Mo gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kílọ́ọ̀bù tó bá ń ṣe ìpàdé lẹ́yìn ọgbà láìsí tíṣà, tàbí tí wọ́n bá sọ fún ọmọ pé kó má sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nílé, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì lọ rí púríńsípà.

Tíṣà Físíìsì

Alhaja, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí kà. Kílọ́ọ̀bù tí kò ní orúkọ tíṣà nínú ìwé ilé ìwé, ilé ìwé kò mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ní ti owó, Ìyá Yétúndé, ẹ má tíì san án. Nílé ìwé ìjọba, owó tí púríńsípà kò mọ̀ sí kò yẹ kó kúrò lápò òbí. Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ sí tíṣà náà, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè lẹ́tà tí púríńsípà fọwọ́ sí, tó sọ orúkọ ìdíje, ọjọ́ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó rà. Tí ìdíje bá wà lóòótọ́, lẹ́tà á jáde kíákíá, torí lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí gbọ́dọ̀ wà kí ọmọ tó jáde kúrò nínú ọgbà.

Olùkọ́ Yorùbá, Sùúrùlérè

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ó dùn mí pé kíá tí wọ́n bá ní kí ọmọ fi nǹkan sílẹ̀, ẹgbẹ́ àṣà ni gbogbo èèyàn máa tọ́ka sí. Ṣé ẹ ti dúró wo ọmọ tó ń kọ́ ijó bàtá rí? Ìyá ìlù ló ń pàṣẹ. Ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ìlù wí, kó mọ ibi tí gbólóhùn parí sí, kó tó ju ẹsẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá kúrò níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á já sí àárín ọ̀rọ̀, olùlù á sì dúró, á tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ fún mi pé wọn ò lè jókòó síbì kan ní kíláàsì, mo ti rí wọn tí wọ́n ń fetí sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko níbi ìlù. Oríkì ń wọ̀ wọ́n lórí, ewì ń wọ̀ wọ́n lórí. Láti 2018 ni òfin Èkó ti sọ pé kí gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Kíláàsì nìkan kò lè gbé e dúró. Inú ẹgbẹ́ àṣà ni ọmọ Èkó míì ti ń kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá tí kò ní Gẹ̀ẹ́sì nínú.

Tíṣà Físíìsì, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àmọ́ ẹ má fi ohun tó ń mú ọmọ kọrin nílé tọrẹ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọmọ tí inú rẹ̀ dùn ló ń kàwé.

₦15,000 fún aṣọ pọ̀ jù. Lọ́dọ̀ wa, bùbá àti ìró àdìrẹ tó ti wà nínú àpótí àwọn ìyá àti ìyá àgbà la fi ń jó. A ó kó wọn jọ, a ó yan àwọn tí àwọ̀ wọn bára mu, a ó kọ orúkọ onílùú kálukú mọ́ inú rẹ̀ kó má baà sọnù. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹgbẹ́ ni, inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé ló ń gbé. Owó ọkọ̀ lọ sí ibi ìdíje nìkan là ń dá.

Ohun kan sì tún wà. Ẹgbẹ́ àṣà kì í le jálẹ̀ ọdún. Táàmù kejì ló máa ń le, nítorí ọjọ́ àṣà àti ìdíje ilé-sí-ilé (inter-house) tó máa ń bọ́ sí àkókò náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wọn bóyá ọmọ lè máa wá ní táàmù yẹn nìkan.

Ọmọ Mushin

Olùkọ́, "orúkọ onílùú" lẹ kọ, "orúkọ ẹni tó ni ín" lẹ fẹ́ kọ, àbí? Mo bẹ̀ yín mà, ẹ̀mí olóòtú ni.

Ìyá Yétúndé, ní ti ọkọ̀. Tó bá jẹ́ pé dáńfó ló ń wọ̀ láti Yaba, ẹ jẹ́ kó máa rìn lọ sí Fádéyí, kó wọ bọ́ọ̀sì BRT tó ń lọ sí Mile 12. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ ní ibi púpọ̀ lójú Ìkòròdù Road, wọn kì í há tó dáńfó. Ẹ ra káàdì Cowry fún un, kí ẹ máa kówó sí i nílé, kò ní máa mú owó lọ́wọ́. Àfi kó tètè dé ibùdókọ̀, torí tí agogo márùn-ún bá ti kọjá, ìlà á ti gùn. Mo mọ ojú ọ̀nà yẹn dáadáa.

Olùkọ́ Yorùbá, Sùúrùlérè

Orúkọ ẹni tó ni ín ni, ọmọ mi, o ṣeun. Olóòtú gidi ni ẹ́.

Ìyá Yétúndé, Kẹ́tú

Ẹ̀yin ará, a ti jókòó sọ̀rọ̀, èmi, bàbá rẹ̀ àti òun. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí. Ohun tí ọmọ sọ yà wá lẹ́nu. Ó ní tó bá jẹ́ dandan, JETS ni òun máa fi sílẹ̀. Ó ní láti bíi táàmù méjì, tíṣà tó ń bójú tó wọn ti kúrò, wọn ò tíì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kàn máa ń jókòó sínú láàbù, wọ́n á máa tẹ fóònù títí di agogo márùn-ún. Òun kò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ torí inú bàbá rẹ̀ ń dùn pé ọmọ òun wà nínú ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì.

Tíṣà, kí lẹ rí sí i? Àti pé bó bá máa kúrò nípò igbákejì olóòtú, ìgbà wo ló dáa kó ṣe é?

Bàbá Olú, Ìjú

Mo bi yín ńjọ́un bóyá gbogbo JETS ló ní tíṣà. Ẹ jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé yẹn ni kó fi ṣe Kẹ́mísìrì. Mo fara mọ́ ọn pé kó mú méjì tó kù dání, àmọ́ tí wọ́n bá ti wọ táàmù kejì SS3, kó kó gbogbo ẹ̀ jọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni JAMB ń bọ̀, WAEC sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Alhaja, Agége

Inú mi dùn pé ó lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn o, kí bàbá rẹ̀ má bá a wí.

Tíṣà Físíìsì

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi náà ní kó kúrò níbẹ̀. JETS tí kò sí tíṣà nínú ẹ̀, tí kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe, kò ní fún un ní píráàtíkà tí mo ń sọ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí píráàtíkà náà bọ́. Kí òun àti àwọn bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ bá tíṣà Kẹ́mísìrì wọn, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gba àwọn láàyè láàbù fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, lójú òun tàbí lójú ẹni tó ń tọ́jú láàbù. Tíṣà tí ọmọ bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá lórí títíréṣọ̀n, ìyẹn píráàtíkà bùrẹ́ẹ̀tì, kì í sábà kọ̀. Kí ìyá tàbí bàbá sì sọ fún púríńsípà pé JETS kò ní olùtọ́jú mọ́, torí ọmọ púpọ̀ ló ṣì ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tí ẹnikẹ́ni kò mójú tó.

Ní ti ipò Press Club, ìparí táàmù kẹta SS2 ló dáa. Kí ó ti máa mú ọmọ SS1 kan mọ́ra láti ìsinsìnyí, kó máa jẹ́ kó ka ìròyìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ó tó kúrò, kí ẹ rí i pé olùtọ́jú ẹgbẹ́ náà kọ ipò rẹ̀ àti ọdún tó fi ṣe é sínú ìwé ilé ìwé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wò ó tí wọ́n bá ń kọ testimonial rẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí ilé ìwé ń fún ọmọ tó bá jáde, ní SS3. Ìlà kan wà níbẹ̀ fún kílọ́ọ̀bù àti ipò tí ọmọ dì mú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé òfìfo ni wọ́n fi ìlà náà sílẹ̀, kì í ṣe pé ọmọ kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n ti gba ìyípadà lọ sílé ìwé míì ni. Kó kọ ti JETS náà síbẹ̀, SS1 títí di ìgbà tó kúrò.